Àwọn Ife Tó Sọ̀ Kalẹ̀

Kí n tó lọ sí Montreal, bàbá mi kó àwọn ife sọ̀ kalẹ̀.
Lórí pẹpẹ òkè ló ti ń kó wọn, lọ́kọ̀ọ̀kan,
ó ń tò wọ́n sí ọ̀gangan ìgbànú mi.
Kò sọ nǹkan kan. Apẹja Bonavista ni,
ọ̀rọ̀ a máa wọ́n lẹ́nu rẹ̀ bí oòrùn inú oṣù kejì.
Ó ti ka ìwé tí ilé ìwòsàn fi ránṣẹ́,
ó fi pẹ́ńsùlù fàlà sábẹ́ gbólóhùn kan ṣoṣo:
kò gbọdọ̀ gbé apá ga ju èjìká lọ.
Iyọ̀, tíì, ṣúgà, ọṣẹ ìfọyín, gbogbo wọn bá ife wálẹ̀.
Ológbò nìkan ló kọ̀ tí kò kúrò lókè.

Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi di àyà mi
bí ẹni di ẹrù ẹlẹ́rù
tí ẹlẹ́rù ò sì wá gbà á.
Ààbọ̀ èémí ni mò ń mí.
Létí òkun, nínú oṣù keje, táwọn ẹgbẹ́ mi bọ́ṣọ,
èmi wọ súwẹ́tà, mo ní òtútù ń mú mi.

Àǹtí Drusilla gbé ṣẹ́ẹ̀tì mẹ́rin wá,
ti bàbá-bàbá mi tó ti lọ, tí mo jẹ́ orúkọ rẹ̀,
oníbọ́tìnnì láti ọrùn dé ìdodo.
"Aṣọ tí à ń ti orí wọ̀, gbàgbé ẹ̀ ná."
Ó rán ìrọ̀rí kékeré kan tí n ó fi sáàárín àyà mi
àti bẹ́líìtì ọkọ̀, nígbà tí a bá ń bọ̀ láti pápákọ̀ òfurufú.
Ẹyẹ òkun ló ní òun yà sí i lára.
Adìẹ ni mo rí. Mo dúpẹ́.

Dókítà fi bírò fàlà sí mi láyà.
Mo ka iye dé mẹ́rin.
Nígbà tí mo jí, ọ̀nà ọ̀fun mi gbẹ bí ẹja tí a sá sóòrùn.
Nọ́ọ̀sì kan bèèrè orúkọ mi lédè Faransé.
Mo ní, "Selby."
Ó kọ ọ́ sílẹ̀. Kò bi mí lẹ́ẹ̀kejì.

Àga bàbá mi ni mo sùn sí,
ẹ̀yìn mi ò kan bẹ́ẹ̀dì fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.
Ike róbótó méjì ń fà omi ara mi jáde lábẹ́ abíyá,
àárọ̀ àti alẹ́ ni bàbá mi ń wọn ọ́n,
ó ń kọ ọ́ sínú ìwé tó fi ń kọ ìwọ̀n ẹja:
Ọ̀tún, ogún. Òsì, mẹ́tàdínlógún.
"Ó ń dínkù," ló wí. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn
tí inú rẹ̀ máa dùn pé nǹkan ń dínkù nínú ìwé yẹn.

Oògùn ìrora sọ ikùn mi di òkúta.
Drusilla rẹ èso gbígbẹ sínú omi gbígbóná,
ó jókòó tì mí bí ọlọ́pàá títí mo fi jẹ ẹ́ tán.
Lọ́jọ́ karùn-ún, nígbà tí ọ̀nà là,
bàbá mi gbá ògiri lẹ́ẹ̀mẹta láti yàrá kejì.
Mo rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà dùn mí dé egungun.

Kò sẹ́ni tó sọ fún mi nípa ẹkún.
Ọjọ́ kẹjọ ló dé, láìnídìí, kùrukùru bo fèrèsé.
Kì í ṣe àbámọ̀. Omi ṣáà ń bọ̀.
Bàbá mi ń bó pòtétò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.
Ó bó ju èyí tí a lè jẹ lọ.

Wọ́n tú báńdéèjì.
Ilà méjì, pupa, bí ibi tí ìgbì dé kó tó padà.
Àyà mi nìyí.
Mo mí, èémí náà délẹ̀.

Lọ́sẹ̀ keje, mo nawọ́ sókè díẹ̀díẹ̀,
mo kan pẹpẹ òkè. Eruku ni mo bá, àti irun ológbò.
Mo ní, "Ṣé ká dá àwọn ife padà?"
Bàbá mi da tíì sínú méjì.
"Fi wọ́n síbẹ̀, Selby.
Èjìká tèmi náà ò fẹ́ òkè mọ́."